Ọ̀fọ̀, Súúrù àti Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-Ayé, Àṣàkẹ́-Ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó ń fúnni ní ẹ̀mí, tí ó sì ń gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ padà nígbà tí ó bá wù Ú. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó ń tọ ipasẹ̀ wọn.



Ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ti pèsè sílẹ̀ fún ojú ìwé yìí lóṣù yìí. A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ná nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ wa. Arábìnrin wa kan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì ti yọ̀ǹda pé kí a kọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti dárúkọ òun tàbí ọkọ òun. Àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí wà níbẹ̀. A jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Arábìnrin wa yìí bí ọmọ àkọ́bí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn, ọmọ náà ké, gbogbo wa sì yọ̀. Àgbò ìsọmọlórúkọ ti wà lórí ìso. Ní ọjọ́ kẹfà, ara ọmọ gbóná láàárọ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ti lọ. Kí ẹgbẹ́ tó gbọ́, wọ́n ti sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹnikẹ́ni kò kírun sí i lára, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ lórúkọ, nítorí àwọn àgbà ilé ní ọmọ tí kò tí ì pé ọjọ́ mẹ́jọ kì í ṣe òkú tí à ń pe àlùfáà sí.

A lọ kí i. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni àwa náà sọ: omi ló dànù, agbè kò fọ́. A ò bá àwọn baba wa wí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, àdúà sì wà nínú rẹ̀: ìyá ṣì wà láàyè, omi mìíràn lè tún kún agbè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi etí ìyá ọmọ gbọ́ ọ. Ẹni tí ó gbé sínú fún oṣù mẹ́sàn-án, tí ó fún lọ́mú fún ọjọ́ mẹ́fà, tí ó ti mọ bí ó ṣe ń yán, ni à ń pè ní omi níwájú rẹ̀. Wàrà ṣì ń dà lọ́mú rẹ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wá sí ìpàdé. Ó jókòó sí ẹ̀yìn láàrin àwọn arábìnrin, ó mú abẹ́rẹ́ gígùn méjì jáde láti inú báàgì, pẹ̀lú òwú wúùlù funfun àti fìlà ọmọdé kan tí kò tí ì parí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ fìlà náà láti ìgbà tí oyún wà ní oṣù méje. Ó ń hun ún díẹ̀díẹ̀, omijé sì ń kán sórí òwú. Kò ké, kò sọ̀rọ̀, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìpàdé, arákùnrin kan sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta ni Ìsìláámù fún ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀, pé ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá. Arábìnrin kan ní ẹkún alààyè ń fi ìyà jẹ òkú nínú sàréè, nítorí náà kí ó ṣàánú ọmọ rẹ̀. Ẹnìkan tún wí pé fìlà òkú ọmọ kò dára lọ́wọ́ ìyá, pé kí ó tú u tàbí kí ó sun ún. A kò mọ̀ wọ́n sí ènìyàn burúkú. Wọ́n rò pé ẹ̀sìn ni àwọn ń sọ. Àwa tí a gbọ́ ọ kò sì lanu. Arábìnrin wa ká òwú rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ sílé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, a kò rí i mọ́.

Nígbà tí Àmírà wa lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ìbéèrè mẹ́ta ló bá lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni ẹkún mi ń jẹ ọmọ mi níyà? Ṣé mo ti di aláìnímáànì ni? Ṣé kí n tú fìlà yìí?" Àmírà jẹ́wọ́ fún wa pé òun kò rí èsì kankan fún un ní ọjọ́ yẹn, òun jókòó tì í ni, àwọn méjèèjì jọ sunkún. Lẹ́yìn náà ni a tó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn àlùfáà wa lọ, tí a sì ṣí ìwé wò. Ohun tí a rí ni à ń kọ yìí, nítorí a mọ̀ pé arábìnrin wa nìkan kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti lé jáde kúrò nínú ìjọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹkún. Ẹ wo ilé Ànábì fúnra rẹ̀. Ọmọ méje ni ó bí: Kásímù, Àbúdúláhì àti Ìbúráhímù ni ọkùnrin, Sáínábù, Rùkáyátù, Úmù Kúlúsúmù àti Fátímà ni obìnrin. Nínú àwọn méjèèje, mẹ́fà kú ṣáájú rẹ̀. Fátímà nìkan ló kù lẹ́yìn rẹ̀, òun náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù nínú ẹ̀dá mọ ohun tí ó ń jẹ́ ikú ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ń sọ fún ìyá ọmọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fa á, ẹ ṣọ́ ẹnu yín.

Ìbúráhímù ni ọmọ tí Máríyà bí fún un. Ọ̀dọ̀ olùtọ́ kan ni wọ́n gbé e sí ní Mọ̀dínà, ìyàwó alágbẹ̀dẹ kan tí à ń pè ní Abú Sáífù. Ànábì máa ń lọ síbẹ̀, èéfín yóò kún ilé alágbẹ̀dẹ, yóò wọlé bẹ́ẹ̀ náà, yóò gbé ọmọ rẹ̀, yóò fi ẹnu kò ó lẹ́nu, yóò sì padà. Ní ọdún kẹwàá Hìjírà (632), ọmọ náà ń kú lọ, kò sì tí ì pé ọdún méjì. Ànábì wọlé tọ̀ ọ́, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Ó ya Abdurrahman ọmọ Áúfù lẹ́nu, ó bi í pé ìwọ náà, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun? Èsì rẹ̀ ni pé àánú ni. Ó ṣàlàyé pé ojú a máa sunkún, ọkàn a sì máa bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu kò ní sọ àyàfi ohun tí Ọlọ́hun yọ́nú sí; ó sì sọ ọ́ tààrà fún ọmọ náà pé ìyapa rẹ̀ bà wá nínú jẹ́. Bukhari àti Muslim ló gba èyí wá.

Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni òòrùn wọ òkùnkùn, àwọn ènìyàn sì ní nítorí Ìbúráhímù ni. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lè fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ òun. Kò gbà á. Ó dìde, ó ní òòrùn àti òṣùpá kì í wọ òkùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, òtítọ́ kò sì yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. A rí i pé àwọn méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan ṣoṣo ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ pé ẹkún ń fi ìyà jẹ òkú, hádíìsì wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, láti ọ̀dọ̀ Úmárù àti ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ apá kan hádíìsì, tí ó gbé e sáré, ó lè fi ṣeni léṣe. Nígbà tí Áíṣà, ìyá àwọn onímáànì, gbọ́ ọ, kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó rán wọn létí pé Kùránì ti sọ pé ẹlẹ́rù kan kò ní ru ẹrù ẹlòmíràn. Àwọn onímọ̀ wá ṣàlàyé pé ẹkún aróbáríjẹ́, ẹkún tí a ń fi igbe àti ariwo sun, tí ẹlòmíràn tilẹ̀ ń gba owó sun, ni wọ́n ń bá wí, pàápàá bí òkú bá ti pàṣẹ rẹ̀ kí ó tó kú. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà wo ló pàṣẹ ẹkún? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọn yóò fi jẹ ẹ́ níyà? Ìkókó tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì! Ó dùn wá pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ìpàdé wa.

Kí wá ni Ànábì kọ̀ fún aṣọ̀fọ̀? Ó ní kì í ṣe ara wa, ẹni tí ó bá ń gbá ara rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, tí ó ń fa aṣọ ya, tí ó sì ń ké igbe àwọn ará ìgbà àìmọ̀kan. Ẹ kíyè sí i: ojú kò sí níbẹ̀, ọkàn kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ àti ẹnu ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó wà ní ìkápá ènìyàn nìkan ni Ọlọ́hun bi í. Nígbà tí ìbànújẹ́ bá dé, ọwọ́ máa ń wá ohun tí yóò ṣe, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń fa aṣọ ya. Ti arábìnrin wa, aṣọ ló ń hun. A jókòó, a wò ó, a ní òun ló ṣẹ̀.

Ó sọ fún Àmírà bí ó ṣe rí ní òru. Ọkọ rẹ̀ á ti sùn, ilé á dákẹ́, ọmú rẹ̀ á kún, kò sì sí ẹni tí yóò mu ún. Oorun kò ní wá. Bí ó bá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, kò ní bá nǹkan kan. Nígbà náà ni ó máa ń dìde, yóò ṣe àlùwàlá, yóò kírun rakáà méjì, yóò sì mú abẹ́rẹ́. Ojú òwú ọgọ́rin ni fìlà náà ní yíká. Bí a bá ṣìṣe kí ojú kan bọ́ lórí abẹ́rẹ́, yóò máa já lọ sísàlẹ̀ ni bí àkàbà, nítorí náà ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí i; ẹni tí ó sì fi ọkàn sí ohun kékeré kan lè rí ìsinmi díẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ohun ńlá. Ó ní bí òun bá ti ń hun ún, òun á máa ṣe tàsíbíù: subhánalláhì ní ìlà kan, alhamdulilláhì ní ìlà kejì. Àwọn òru kan wà tí òun kò lè ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní alhamdulilláhì ló máa ń há òun lọ́fun jù.

A fẹ́ kí ẹ gbọ́ wa dáadáa níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹgbẹ́ wa dá ìjọsìn tuntun sílẹ̀. A kò sọ pé kíka ojú òwú jẹ́ ìjọsìn, tàbí pé fìlà híhun ní ẹ̀san kan tí a dárúkọ fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òní ni ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ àti ẹnu tí ó ń rántí Ọlọ́hun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn. Fátímà ọmọ Ànábì máa ń lọ ọkà títí ọlọ fi dá egbò sí i lọ́wọ́. Ó lọ bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó fún òun ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ànábì kò fún un ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ó wá bá òun àti Álì ní alẹ́ nígbà tí wọ́n ti sùn sílẹ̀, ó kọ́ wọn ní ohun tí ó dára fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ: subhánalláhì 33, alhamdulilláhì 33, Alláhù Ákíbárù 34. Ẹ wò ó, ọlọ ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọwọ́ Fátímà ṣì ni yóò lọ ọ́. Kùránì sì ti sọ fún wa nínú Súrà Ráádì pé ìrántí Ọlọ́hun ni ọkàn fi ń balẹ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ kejì ni ti ìmáànì, orí ọjọ́ mẹ́ta ni ó sì ti wá. Arákùnrin wa gbọ́ hádíìsì, kò gbọ́ ibi tí ó ń lọ. Nígbà tí bàbá Úmù Hàbíbà, ìyàwó Ànábì, kú, ó dúró di ọjọ́ kẹta, ó bèèrè òórùn dídùn, ó fi pa ara, ó ní òun kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé obìnrin onímáànì kò gbọdọ̀ fi ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ nítorí òkú ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àyàfi nítorí ọkọ, tí ó jẹ́ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí: aṣọ ẹ̀yẹ, tìróò, lọ́fíńdà. Ọlọ́hun kò fi ọjọ́ sí ìrora ọkàn. Ànábì Yàkúbù ṣọ̀fọ̀ Yúsúfù fún ọdún púpọ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun, àwọn ọmọ rẹ̀ bá a wí pé ó fẹ́ fi ìrántí Yúsúfù pa ara rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé Ọlọ́hun ni òun ń fi ẹ̀dùn ọkàn òun sùn. Ànábì ni ó ṣì jẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, orúkọ súúrù rẹ̀ sì ni súúrù tí ó rẹwà.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Yàkúbù. Bàbá ni, ọkùnrin ni. Nígbà tí a ń kí arábìnrin wa, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ronú kan ọkọ rẹ̀ ju kí a sọ fún un pé ọkùnrin ni ọ́, mú ọkàn le. Òun ni ó gbé ọmọ náà sínú ilẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó ti padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ yín. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí ó bá fẹ́ dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́.

Ànábì kọjá lára obìnrin kan tí ó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Ó ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ó sì ṣe súúrù. Obìnrin náà, tí kò mọ̀ ọ́n, ní kí ó kúrò lọ́dọ̀ òun, pé irú ohun tí ó bá òun kò tí ì bá a. Ànábì kúrò. Kò bá a jà, kò pè é ní aláìnímáànì, kò sọ fún un pé ọmọ òun náà ti kú rí. Nígbà tí obìnrin náà mọ ẹni tí ó jẹ́, tí ó sá wá tọrọ gáfárà, ni ó tó sọ fún un pé súúrù gan-an ni èyí tí a bá ṣe nígbà tí ìbànújẹ́ kọ́kọ́ kọluni. Ní tiwa, ìpàdé wa ni arábìnrin wa wá, a kò sì lè ṣe bí Ànábì ti ṣe, kí a kúrò ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ó wá ku fìlà. A kò rí áyà kan tàbí hádíìsì kan tí ó ní ohun èlò ọmọ tí ó kú ní èèmọ̀. Ìbẹ̀rù àbíkú ni ó bí ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ìbẹ̀rù kan náà ni ó mú kí aládùúgbò kan dábàá pé kí wọ́n fi àmì sí ọmọ náà lára kí wọ́n tó sin ín. Ọlọ́hun ló mú kí ọkọ rẹ̀ kọ̀. Ànábì sọ pé fífọ́ egungun òkú dà bí fífọ́ egungun alààyè. A kò fẹ́ pẹ́ lórí èyí. Kí a sáà sọ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ti pè ní àbíkú ni àrùn pa, yálà àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, tàbí ibà, tàbí àrùn tí abẹ tí kò mọ́ gbé wọ ìwọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì ṣe yìgì, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ọ̀rọ̀ tó wọra. Ẹ̀yin aboyún, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀. Ẹni tí ó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò kọ kádàrà.

Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kí ó tú fìlà, ohun tí ó wá sí wa lọ́kàn lẹ́yìn náà ni obìnrin tí Kùránì mẹ́nu bà nínú Súrà Nahl, ẹni tí ó rànwú rẹ̀ títí ó fi le dáadáa, tí ó sì padà tú gbogbo rẹ̀ sí jẹ́gẹjẹ̀gẹ. A mọ̀ pé orí májẹ̀mú ni áyà náà ń sọ, a kò ní fi túlẹ̀kùn sí i. Síbẹ̀ ó ṣe kedere pé àpẹẹrẹ òfò ni Ọlọ́hun fi òwú tí a tú ṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ní àyè tó dára nínú ìtàn wa. Obìnrin kan, hádíìsì kò dárúkọ rẹ̀, fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ ìbora, ó gbé e tọ Ànábì lọ, ó ní òun hun ún kí òun lè fi wọ̀ ọ́ ni. Ànábì gbà á, ó sì nílò rẹ̀. Ọkùnrin kan rí i lára rẹ̀, ó tọrọ rẹ̀, Ànábì sì bọ́ ọ fún un. Àwọn ènìyàn bá ọkùnrin náà wí. Ó ní òun kò tọrọ rẹ̀ láti wọ̀, bí kò ṣe kí wọ́n lè fi wé òkú òun. Aṣọ yẹn náà ni wọ́n sì fi wé e. Ẹ ronú sí i: ọwọ́ obìnrin kan, ara Ànábì, inú sàréè Mùsùlùmí kan. Sáínábù ọmọ Jáháṣì, ìyàwó Ànábì, a máa ṣe awọ, a máa rán an, a sì máa fi owó rẹ̀ ṣe sàráà. Ànábì ti sọ fún àwọn ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn jù nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ bá òun lẹ́yìn ikú òun. Wọ́n fi ọwọ́ wọn wé ara wọn. Ìgbà tí Sáínábù kọ́kọ́ kú, ní ọdún 20 Hìjírà, ni wọ́n tó mọ̀ pé ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ tí ó sì ń fúnni ni ó ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Àmírà ṣe padà lọ bá a pé kí ó má ṣe tú u. Kí ó parí rẹ̀ bí ó bá wù ú, kí ó fi pamọ́ bí ó bá wù ú, kí ó sì fi ṣe sàráà bí ó bá wù ú.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúwo jù lọ lọ́kàn rẹ̀ kò sí nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní òun kò mọ orúkọ tí òun yóò fi pe ọmọ òun ní ọjọ́ Àlùkìyáámà. A rí i nínú hádíìsì pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bí Ìbúráhímù, Ànábì sọ fún àwọn Sàhábà pé wọ́n bí ọmọ fún òun lóru, òun sì ti fi orúkọ bàbá òun, Ànábì Ìbúráhímù, pè é. Kò dúró de ọjọ́ kẹjọ. Ọmọ tí ó bá ti ké nígbà tí wọ́n bí i, ènìyàn ni: ó ní orúkọ, a óò wẹ̀ ẹ́, a óò wé e, a óò sì kírun sí i lára, ìbáà jẹ́ wákàtí kan ni ó lò láyé. Bí wọ́n bá ti sin ín láìkírun, sàréè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin tí ó máa ń gbá mọ́ṣáláṣí Ànábì kú, wọ́n kà á sí ẹni kékeré, wọn kò sọ fún Ànábì. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun fún un níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, a kó ara wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé náà. Àwọn àgbà ilé kọ́kọ́ lọ́ra, wọ́n sì gbà nígbà tí àlùfáà ṣàlàyé. Bàbá ọmọ ló sọ orúkọ rẹ̀ jáde níwájú gbogbo wa. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́bàá ògiri, ó tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀mẹta, wúyẹ́wúyẹ́. A kírun. A tọrọ fún àwọn òbí rẹ̀ kí Ọlọ́hun ṣe ọmọ náà ní aṣíwájú rere fún wọn. Arákùnrin tí ó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ dúró ní sáàfù, òun náà ló sì gbé oúnjẹ wá láti ilé rẹ̀. Èyí tún jẹ́ ohun tí a ti gbàgbé. Nígbà tí Jáfárù kú sójú ogun Múútà ní ọdún kẹjọ Hìjírà (629), Ànábì ní kí àwọn ènìyàn se oúnjẹ fún àwọn ará ilé rẹ̀, nítorí ohun tí ó bá wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n lè se é. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ni ó ń yáwó se ìrẹsì fún àwọn tí ó wá kí i.

Nínú hádíìsì tí Tirmisi gbà wá, nígbà tí ọmọ ènìyàn bá kú, Ọlọ́hun a máa bi àwọn Màláíkà bóyá wọ́n ti gba èso ọkàn ẹrú Òun. Ẹ gbọ́ orúkọ tí Ọlọ́hun pè é: èso ọkàn. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún Un pé ẹrú náà dúpẹ́, ó sì sọ pé ti Ọlọ́hun ni wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ó padà sí, yóò ní kí wọ́n kọ́ ilé kan fún un nínú Àlùjánnà, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ilé Ọpẹ́. A ka èyí sí arábìnrin wa létí. Ó bi wá bóyá a kà á sí ọpẹ́, alhamdulilláhì tí ènìyàn fi omijé sọ ní agogo mẹ́ta òru. Àlùfáà wa ní irú rẹ̀ gan-an ni.

Láti ìgbà náà, àwọn arábìnrin ti ń pàdé ní ilé rẹ̀ ní Sátidé kejì oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ń hun fìlà àti ibọ̀sẹ̀ ọmọ, àwọn mìíràn ń rán etí ìborùn. Ìyá àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún tó kọjá ti darapọ̀ mọ́ wọn. Arákùnrin méjì náà ti ń kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́; Áíṣà ni ó sọ fún wa pé Ànábì máa ń rán bàtà rẹ̀, ó sì máa ń lẹ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọ̀fọ̀, kí ó wá. Òwú wà nílẹ̀.

Fìlà funfun náà ti parí. Ó gbé e fún obìnrin kan tí ó bímọ sí ilé ìwòsàn tí òun náà ti bí tirẹ̀, tí kò ní ohun tí yóò dé sórí ọmọ nínú òtútù ọyẹ́. Wọ́n ní ó tóbi díẹ̀ fún ọmọ náà, wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ ọmọ wa tí ó lọ, kí ó sì fún bàbá àti ìyá rẹ̀ ní ìfàyàbalẹ̀. Àmín.